Iyanrìn Abẹ́ Ilé-Kéwú

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ má bá Halimah ìyàwó mi rìn kọjá lẹ́bàá kòtò. Ìbáà jẹ́ kànga, ìbáà jẹ́ ṣaláńgá, àfi kó yọjú wò ó. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan n'Ìwó níbí. Kò fojú kan òkun rí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ òkun kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí ìgbì ńlá bá ya wọ ìlú, á fi iyanrìn sílẹ̀, erùpẹ̀ á sì bò ó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á rí iyanrìn náà, wọ́n á sì mọ ibi tí òkun tún lè dé.

Èmi á ní, "Ìyá Kareemah, Ìwó rèé o. Òkun wo?"

Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀, Alfa Badrudeen, fi ilẹ̀ wọn tó wà létí odò, lọ́nà Olúpọ̀nnà, ṣe sàráà fún ilé-kéwú. Àwọn ọmọ tó ń ti òkèèrè wá ni yóò máa sùn níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti rí àpáàdì. Inú àwọn àgbà dùn: àwọn baba ńlá wa ló gbé ibí! Ilẹ̀ táwọn yẹn gbé, ewu wo ló tún kù níbẹ̀?

Halimah ti bọ́ sínú kòtò. Inú iyanrìn ni àpáàdì náà wà, ilẹ̀ dúdú lókè, ilẹ̀ dúdú nísàlẹ̀. Àpáàdì tó fọ́ sídìí ààrò lè géni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n etí èyí ti dán bí òkúta odò. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọn ò gbé ibí. Omi ló gbé e wá."

Ojú tì mí. Kí ọmọ Alfa máa tako bàbá rẹ̀ láàárín àwùjọ!

"Ìgbà wo lomi ọ̀hún wá?"

"N ò mọ̀, Bàbá. Ó ti pẹ́."

"Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

"N ò mọ ìyẹn náà. Ó lè má wá lójú ayé wa. Ṣùgbọ́n ibi tó dé rèé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alfa gba àpáàdì kan, wọ́n fọwọ́ ra etí rẹ̀ títí.

"Ọmọ ọlọ́mọ ló máa sùn síbí," ni wọ́n wí. Wọ́n ní ká dí kòtò, ká gbin àgbàdo síbẹ̀.

Inú ilé Alfa fúnra wọn, lórí òkè, ni wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí. Odò ò tíì kún dé ìdí àgbàdo náà dòní, àwọn ará àdúgbò sì ń fi Halimah ṣe yẹ̀yẹ́. Ariwo kéwú kì í jẹ́ kí Alfa sun oorun ọ̀sán mọ́. Nígbà tí mo lọ kí wọn lánàá, mo ní kí wọ́n má bínú sí ìyàwó mi.

"Sọ fún un," ni wọ́n wí, "pé gbogbo àwọn ọmọ náà ló jí láàárọ̀ yìí."