B Tí Mo Gbà Nínú Kẹ́místìrì

Mo gba B nínú kẹ́místìrì. Ẹ má tíì kí mi kú oríire o. Ilé ìwé tí mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde n'Ísọlọ̀ ò ní láàbù. Lọ́jọ́ ìdánwò tó yẹ ká fọwọ́ ara wa ṣe, tíṣà kan ti ilẹ̀kùn, ó kọ gbogbo ìdáhùn sójú pátákó, a sì dà á kọ. N ò fọwọ́ kan ìgò kankan.

Nígbà tí yunifásítì wá gbà mí láti kọ́ kẹ́místìrì, bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, ò jẹ́ kí ará ilé kankan sinmi. "Ọmọ mi ti wọlé!" Ẹ̀rù ló ń bà mí ní tèmi. Ìwé ta ni màá wò kọ níbẹ̀?

Mo bá lọ sí lẹ́sìn kan l'Ókòtà, mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ SS1 tó ń pè mí ní àǹtí. Ìyá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wa. Wọ́n bi mí pé kí ni mo gbà nínú ìdánwò. Mo ní, "Mo féèlì, mà." Irọ́ yẹn rọ̀ mí lọ́rùn ju òótọ́ lọ.

Àánú mi ṣe wọ́n. Táwọn ọmọ bá ti lọ, wọ́n á ní kí n dúró. Lọ́jọ́ kan wọ́n bu zobo sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n fún mi ní síríǹjì, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní láàbù nìyẹn, kí n máa kán omi eérú sí i, kí n máa ka iye ẹ̀kán rẹ̀. Lójijì, pupa yẹn di àwọ̀ ewé. Ẹkún gbọ̀n mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń há ohun tí n ò rí rí sórí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n wọlé sí yunifásítì, bàbá mi yọ sí wa ní lẹ́sìn, búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá dúpẹ́. Kí n tó dìde, wọ́n ti fa èsì ìdánwò mi yọ lápò. "Ẹ wò ó, mà, B ló gbà!"

Mo gbé! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a.

Tíṣà wo ìwé náà, wọ́n wò mí. Wọn ò tú mi fó. "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, bàbá," ni wọ́n kàn sọ.

Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, mo kúnlẹ̀ fún tíṣà, mo jẹ́wọ́ pé ìdáhùn ojú pátákó ni mo dà kọ. Wọ́n fọ síríǹjì, wọ́n kó o sínú báàgì. "Mo rò pé ẹni tó féèlì ni mò ń kọ́. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Má wá mọ́."

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti ra àpótí kan l'Óṣòdì tí màá gbé lọ sí yunifásítì, wọ́n gbé e síwájú ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Kí ni tíṣà sọ nípa B ẹ lẹ́yìn tí mo lọ?"

Mo ní, "Inú wọn dùn, bàbá mi."