Irúgbìn Ṣọkọ-yòkòtò Màámi

Bí ọyẹ́ bá ti dé, òórùn ṣọkọ-yòkòtò tó gbẹ lórí ìdúró ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, òórùn koríko àti eruku tó máa ń ta séèyàn nímú láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Limawa, ní Minna, ni mò ń wí, ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Igi mẹ́rin tó lárinrin jù lórí ebè ni Màámi máa ń fi sílẹ̀ fún irúgbìn. Wọ́n á so àkísà pupa mọ́ igi náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ já ewé rẹ̀, kódà kí ọbẹ̀ máa hó lórí iná. Á yọ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó á gbẹ, inú rẹ̀ la ó ti gbọn wóró dúdú wínníwínní jáde.

Irúgbìn yẹn kì í ṣe ti ọjà. Ìyá Màámi ló dì í sí etí ìró fún wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé Bàámi bọ̀ nílẹ̀ Hausa. Ewé rẹ̀ fẹ̀, kì í korò, n kò sì rí irú rẹ̀ lọ́gbà ẹlòmíràn. Màámi máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá jẹ irúgbìn rẹ̀ ti jẹ ọ̀la."

Lọ́dún kan, lẹ́tà dé pé ara Ìyá àgbà kò yá. Màámi ní láti wọ rélùwéè dé Ọ̀fà, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ẹrù dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n mú mi dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní ọwọ́ mi ni irúgbìn náà wà títí àwọn á fi dé. Bí òdòdó bá ti gbẹ, kí n gé e, kí n tọ́jú wóró rẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò béèrè ohunkóhun.

Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Irúgbìn kan ṣoṣo tí mo ti bá Màámi tọ́jú rí ni ẹ̀gúsí, tí a máa ń jẹ́ kí bàrà rẹ̀ rà, tí a ó sì fomi ṣàn án kí a tó sá a. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo irúgbìn nìyẹn. Mo gbọn gbogbo wóró náà sínú ìkòkò, mo bomi sí i, mo dé e, mo wá ń yan kiri bí ìyáálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo ṣí i, kò sí ohun tí mo lè sá mọ́. Wóró ti wú, òmíràn ti la ẹnu, funfun ti ń yọ níbẹ̀.

Mo sunkún. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dà á nù, kí n ní ẹyẹ ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Màámi kì í yé sọ ọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Kí oòrùn tó ga, mo gbé ìkòkò lọ bá Bàámi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, mo sì jẹ́wọ́. Wọn kò nà mí.

"Àdùkẹ́," wọ́n ní, "ohun tó ti jí kò ṣeé dá padà sójú oorun. Lọ gbìn ín."

Ta ní ń gbin ẹ̀fọ́ láàárín ọyẹ́? Kànga wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, nítorí náà ẹnu ẹ̀rọ ìgboro ni mo ti ń pọn omi, kí n tó lọ sílé ìwé àti lẹ́yìn tí mo bá dé. Ọrùn ń ro mí, atẹ́lẹsẹ̀ mi sán yánnayànna. Lọ́jọ́ kan, Inná, ìyá Hausa tó múlé tì wá, yọjú, wọ́n kí mi ní "Sannu da aiki" bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Wọ́n fún mi ní ẹní koríko tí mo fi ṣọgbà, kí ewúrẹ́ wọn má bàa wọlé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ pa púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù méjì, igi mọ́kànlá ló kù.

Màámi dé pẹ̀lú aṣọ dúdú. Ìyá àgbà ti lọ. Nígbà tí àwọn tó wá kí wọn kú àṣẹ̀yìndè ti túká, wọ́n sọ fún Bàámi pé ewúrẹ́ ti jẹ ọgbà Ìyá àgbà run nígbà àìsàn, tọ̀dọ̀ wa nìkan ló kù láyé. Kí wọ́n tó béèrè, mo ti ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé.

Wọ́n lóṣòó ti ebè náà, wọ́n di ewé kan mú. "Ewé ìyá mi rèé," wọ́n ní, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àkísà pupa lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Èyí tó o bá yàn, so ó mọ́ ọn." Kò sẹ́ni tó so ó rí yàtọ̀ sí wọn.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí, nílé mi ní Barkin Sale, ní Minna kan náà, omi ẹ̀rọ sì wà nínú ọgbà mi. Ṣọkọ-yòkòtò náà ṣì ń bẹ. Lọ́dún tó kọjá, odindi ebè kan kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sọ fún ọmọ mi pé oòrùn ló pa á. Mo gbàgbé láti bomi rin ín ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbé ẹ̀bi náà mọ́ra kí n tó lè sọ òótọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò gbé tirẹ̀ mọ́ra di ọ̀sán.