Eyín Tí Kò Dun Màmá Aládé Ni Dókítà Yọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun kan fún yín lónìí. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi, ìbéèrè kan náà sì ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá, tí inú á tún fi máa bí mi. Wọ́n á ní, "Tọ́pẹ́, kí ló dé tó jẹ́ iṣẹ́ eyín lo lọ ń kọ́?"

Àwọn míì kì í tiẹ̀ béèrè dáadáa. Wọ́n á ní ṣé wọn ò gbà mí síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà gidi ni. Dókítà gidi! Bí ẹni pé ẹnu kì í ṣe ara èèyàn.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, Odòdé ni ilé wa wà. Bàbá mi ń dáko kòkó, màmá mi ń ránṣọ. Ìyá tó bí bàbá mi ni à ń pè ní Màmá Aládé, torí pé Aládé, nínú Ìdànrè náà, ni wọ́n ń gbé. Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ èdè Ìdànrè dénú ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Àwa ọ̀dọ́ ti ń sọ Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ, a sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì lù ú. Màmá ò mọ ìyẹn. Èdè Ìdànrè ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun náà ni wọ́n fi ń bínú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni. Kíláàsì áàtì ni mo wà. Ohùn mi dùn, gbogbo èèyàn sì ti ń sọ pé orí rédíò ni màá ti ṣiṣẹ́, kí n máa ka ìròyìn. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Eyín kẹ̀? Mi ò ronú nípa eyín rí, àfi tí mo bá ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀.

Ló bá di pé eyín ń dun Màmá Aládé, lápá òsì, lẹ́yìn pátápátá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọn ò lè jẹ iyán, ògì ni wọ́n ń mu. Wọ́n gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ìyá ìjọ sì ni Màmá níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ pé ẹ̀sìn ló dá wa dúró o. Wòlíì wa fúnra rẹ̀ ló ní kí a gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àmọ́ a ò mọ dókítà eyín kankan nítòsí.

Ibi tí a ti ń rò ó lọ́wọ́ la ti gbọ́ pé àwọn dókítà kan ń bọ̀ wá tọ́jú àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méjì, ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Odòdé. Wọ́n ní dókítà eyín wà lára wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Aládé, mo gbé Màmá wá.

Abẹ́ kánópì ti kún nígbà tá a débẹ̀, àwọn àgbà ló sì pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì kan gbọ́ bí mo ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tí bàbá àgbà kan ń sọ, ló bá ní kí n wá dúró ti àwọn, kí n máa túmọ̀, torí èdè àwọn àgbà yìí ò yé àwọn. Inú mi dùn gan-an. Ó tó èèyàn mẹ́jọ tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn kó tó kan Màmá: ẹni tójú ń dùn, ẹni tí orúnkún ń dùn, gbogbo wọn ló ń ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà eyín yẹn. Aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí mo ṣe tẹ̀ lé Màmá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo ní èmi ni mò ń túmọ̀. Ó ní ọmọ Yorùbá lòun, wọn ò bí òun sí ìlú òyìnbó, òun ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ Yorùbá fún òun. Ó ní kí n lọ dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta.

Mo lọ. Ibi tí mo dúró sí ò jìnnà, mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ó béèrè èyí tó ń dùn. Màmá yanu, wọ́n ki ìka bọ ẹnu, wọ́n sì ṣàlàyé pé kì í ṣe eyín dúdú yẹn, pé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé Màmá ní eyín kan tó ti dúdú tipẹ́tipẹ́. Kò dùn wọ́n rí, wọ́n ń fi jẹ obì dáadáa. Ẹ wá wò ó, bí a ṣe ń sọ pé nǹkan kọ́ ní èdè Ìdànrè, kò jọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn rárá. Ẹni tí ò bá gbọ́ èdè náà máa fò ó kọjá ni. Dókítà yìí gbọ́ "dúdú". Kò gbọ́ "kọ́".

Mo rí i tó mú abẹ́rẹ́. Mo pariwo láti ibi tí mo wà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, èyí tó dúdú yẹn kọ́ o." Kò tiẹ̀ yíjú wò mí. Nọ́ọ̀sì yẹn gan-an, tó ní kí n wá máa túmọ̀, ló wá fọwọ́ bà mí léjìká, tó ní kí n má dí dókítà lọ́wọ́, pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Mo sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí inú ara mi náà ń bí mi. Èmi tí mo túmọ̀ fún èèyàn mẹ́jọ tí mi ò mọ̀ rí, mo dákẹ́ nígbà tó kan ìyá bàbá mi.

Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀mú wọlé, eyín jáde, òwú wọlé, ó di ẹlòmíì.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, agbára abẹ́rẹ́ apàrora yẹn ti kúrò lára Màmá. Ìrora ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà níbi tó wà, ti ojú ọgbẹ́ tuntun sì ti kún un. Wọ́n ya ẹnu fún mi kí n wò ó. Eyín dúdú ti lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró digbí, ẹran ìdí rẹ̀ pọ́n bí ata.

Ní ọjọ́ kejì, a padà lọ. Mo ṣì fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ o. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì ṣàlàyé pé ó dà bíi pé àṣìṣe wáyé. Ó mú káàdì Màmá, ó wò ó, ó ní ohun tí màmá tọ́ka sí lòun yọ, ó sì wà lákọsílẹ̀. Ó na káàdì náà sí mi. Lóòótọ́, wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ tọ́ka sí eyín náà. Màmá tí wọn ò ka ìwé kankan rí láyé wọn!

Mo ní mo gbọ́ ohun tí Màmá sọ, mo tiẹ̀ pariwo. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Tó bá dá ẹ lójú pé o mọ̀ ọ́n jù mí lọ, lọ kàwé dókítà eyín ná. Tó o bá kà á tán, kó o wá kọ́ mi."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí jù ni pé Màmá Aládé fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ìwà ọmọdé ló ń ṣe mí. Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Èdè Ìdànrè kan náà ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ o. Àmọ́ èyí yé dókítà. Ó ní kò burú, òun ti dárí jì wá.

Ó ti dárí jì wá! Ta ló ṣẹ ta?

Ọjọ́ kejì ìyẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá wú débi pé ojú wọn òsì fẹ́ẹ̀ dé. Bàbá mi fi oko sílẹ̀, a wọ ọkọ̀ tasín lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Obìnrin ni dókítà eyín tá a bá níbẹ̀, wọ́n jẹ́ àgbàlagbà, wọn ò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé kí n fa àga súnmọ́ tòsí, kí n máa túmọ̀. Wọ́n fi ìdí irin kékeré kan rọra kan eyín Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá kan ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ojú Màmá kó tó di pé wọ́n kan òmíì. Nígbà tí wọ́n dé orí èyí tó ń dùn, Màmá di apá mi mú.

Wọ́n fa ọyún ibẹ̀ jáde, wọ́n fún wa lóògùn. A padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fọ inú eyín náà, wọ́n dí i, kò sì dun Màmá mọ́. Ṣé ẹ rí i báyìí? Eyín tó ń dùn gan-an, wọn ò yọ ọ́. Èyí tí ò ṣẹ̀ ló bá a lọ.

Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn ni mo béèrè lọ́wọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń di dókítà eyín. Wọ́n bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà. Mo ní áàtì. Mo ti ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Á jẹ́ pé o máa padà sẹ́yìn nìyẹn. Ṣé o lè fara da kéèyàn padà sẹ́yìn?"

Mo ní mo lè fara dà á. Irọ́ ni, mi ò tíì mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, màmá mi kàn ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lọ. Àbúrò wọn ọkùnrin ló dá mi lóhùn. Ó ní ọmọ tó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì tún fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ físíìsì àti kẹ́mísìrì láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kó lè máa wo inú ẹnu ẹlẹ́nu. Ó ní tí mo bá tiẹ̀ máa jìyà, kí n jìyà lórí ọkàn tàbí ọpọlọ, kì í ṣe lórí eyín. Bàbá mi nìkan ló bi í pé ṣé eyín ìyá òun kì í ṣe eyín ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé lẹ́sìn pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́ta jù lọ. Wọ́n ń pè mí ní Àǹtí. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi nínú kẹ́mísìrì, èmi tí mo máa ń gba ipò kìíní nílé ìwé! Mo sunkún, mo sì tún un ṣe. Ní gbogbo ìgbà tó bá sú mi, mo máa ń rántí káàdì yẹn, àti irọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Mo lè gbà pé ó rẹ ọ̀dọ́kùnrin yẹn lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn pọ̀ lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣàṣìṣe. Àmọ́ kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ló jẹ̀bi? Ìyẹn ò tíì kúrò nínú mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí wọlé sí fásitì láti kọ́ iṣẹ́ eyín, Aládé ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Màmá gbàdúrà, wọ́n jó díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó. Wọ́n wá sọ ohun kan tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Wọ́n ní, "Nígbà tó gún mi lábẹ́rẹ́ ni mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dì í lọ́wọ́ mú.

Wọ́n ní, "Dókítà ni. Mo rò pé ó rí nǹkan tí èmi ò rí."

Ìyá tó ń pàṣẹ fún odindi ìjọ, tí àwọn lébìrà inú oko bàbá mi ń bẹ̀rù ohùn wọn! Wọ́n mọ̀, èmi náà mọ̀, àwa méjèèjì sì gbà kí ẹni kan ṣoṣo tí ò mọ̀ yọ eyín náà.

Ọdún kẹta ni mo wà báyìí. Ẹ má bi mí mọ́ pé ṣé wọn ò fún mi ní iṣẹ́ dókítà gidi ni. Èyí ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, mo sì padà sẹ́yìn kí ọwọ́ mi tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: tí dókítà bá ń tọ́jú yín tàbí àwọn òbí yín, tí nǹkan ò bá yé yín, ẹ ní kó dúró ná. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́ ṣe àti ìdí tó fi fẹ́ ṣe é. Ẹ ò rí i fín. Ara yín ni. Ẹ sì tún lọ sọ fún àwọn àgbà ilé yín, torí àwọn ló máa ń dákẹ́ jù.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti mọ̀ rí pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ, tẹ́ ẹ sì dákẹ́? Àbí ẹ sọ̀rọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á fún Màmá Aládé, màá sì fi èdè wọn túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.