Òwú Funfun Lára Ewé

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2022, abọ́ ọbẹ̀ ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n bù ní yàrá oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan. Àwọn tó jẹ ẹ́ máa ń sọ pé ó lé ní àádọ́ta. Ìwé alásè kò gbà bẹ́ẹ̀, abọ́ tó wà ní ilé ìdáná náà kò sì ju mẹ́rìndínlógójì lọ.

Alásè náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí ọ̀fìnkìn líle kan ti dá a dùbúlẹ̀, imú rẹ̀ kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Èéfín pàápàá, ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń fọ abọ́ níbẹ̀, nìkan ló mọ àṣírí yìí. Bí ọ̀gá bá gbọ́ pé alásè kò gbóòórùn, kí ni yóò tún fi í ṣe? Iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn ju ìsinmi lọ. Ẹni tó ti dúró nídìí ààrò fún ọdún mọ́kàndínlógún, bó bá jókòó sílé, ògiri ni yóò máa bá sọ̀rọ̀.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n òwú. Àbúrò á já ewé nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, á gbóòórùn rẹ̀, á sì fi òwú tí wọ́n fi ń gán ìwé dì í: funfun fún efinrin, pupa fún míǹtì, nítorí ewé méjèèjì jọra lójú. Nígbà ooru, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ oúnjẹ gbígbóná, alásè á se àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún títí yóò fi rọ̀, á fi iyọ̀ sí i, á sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó di ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó rẹ́ ewé sí i, nítorí ewé tó bá rí iná á dúdú bí aṣọ mẹkáníìkì. Efinrin ẹ̀kúnwọ́, míǹtì ewé mẹ́ta péré nínú ìdì rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, òwú pupa tán. Àbúrò fi funfun di méjèèjì, ó ní òun á sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Ibi tí ọ̀kan nínú àwọn òǹtẹ̀wé ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú fèrèsé, tó dúró fún un lésì, lọ̀rọ̀ náà ti fò ó lórí.

Alásè rẹ́ ìdì méjèèjì dà sí ìkòkò. Nígbà tó wá òwú pupa tì ló tó pe àbúrò rẹ̀.

"Míǹtì dà?"

Àbúrò tẹ̀ sórí ìkòkò, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀."

"Báwo ni òórùn rẹ̀?"

"Bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín."

Ọ̀gá tuntun, tó ti ń sọ ọ́ kiri pé ó sàn kí wọ́n máa ra oúnjẹ láti ìta, ti jókòó. Kò sáyè àtúnsè. Ṣùgbọ́n ahọ́n alásè ṣì mọ kíkan, ó ṣì mọ iyọ̀. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí i, ó tọ́ ọ wò, ó fi iyọ̀ díẹ̀ kún un, ó bù ú.

Ọ̀gá jẹ ṣíbí kan. Ó jẹ ìkejì.

"Mámà, òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?" Ó na ṣíbí sí i nímú.

Alásè lè purọ́. Àbúrò rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú sí i pé kó purọ́. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ.

"Ọ̀gá, imú mi ti kú láti ọdún méjì. Òwú ni mo fi ń mọ ewé, tòní ló ṣì mí lọ́nà."

Ẹni tó ń gán ìwé ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ọdún méjì? Àwa tí imú wa yè, kí la rí fi ṣe, ẹ̀yin ará?"

Ẹ̀rín bú. Alásè náà rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀gá fi búrẹ́dì nu abọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó nà án padà fún un.

"Ẹ má lọ ibì kankan, Mámà. Bí ẹ ṣe sè é lónìí gẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa sè é. Míǹtì yẹn, ewé mélòó lẹ fi sí i?"