Ọkàn Tó Ki, Kì Í Ṣe Ọkàn Tó Le

"Ọkàn yín ti le, Àlájà."

Báyìí ni ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn ìyá mi ṣe sọ ọ́, ní ilé àyẹ̀wò kan ní Ṣàngó. Iṣan ọkàn tó ti ki ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ìyá mi ti ń gbọ́ wáàsí nípa àwọn ọlọ́kàn líle. Ó dìde jókòó pẹ̀lú oje yíyọ̀ tí wọ́n fi pa á láyà kí ẹ̀rọ lè ríran.

"Èmi? Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, aago ni mò ń wò. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ka ìwé àbájáde tó kọ lójú ẹsẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á.

"Ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ wọn?"

"Àgbàlagbà ni wọ́n, bọ̀dá. Ohun tó máa ń fà á nìyẹn."

Máa ń fà á! Àràárọ̀ ni mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá mi nílé wa ní Fate. Kò ga rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dákú lórí àtẹ̀gùn. Oògùn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ni wọ́n máa wá torí ìwé yìí fún un, kó tún máa dákú?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bẹ ìyá mi kó tó gbà láti lọ síbòmíràn. "Kí wọ́n tún lọ pè mí ní ọ̀dájú?"

Ní ilé ìwòsàn kan ní Challenge, dókítà obìnrin kan kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lápá méjèèjì. Ó pẹ́ lórí ẹ̀rọ. Èmi náà ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Kò bínú. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi. "Ẹ wo ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde níbí. Ó ti fún, kò ṣí tán. Ọkàn ń fi agbára tì í, ìyẹn ló jẹ́ kí iṣan rẹ̀ ki." Ó gbé ohùn ẹ̀rọ sókè. Ẹ̀jẹ̀ ń hó ṣàà, bí omi inú ọ̀pá rọ́bà téèyàn fi àtàǹpàkò dí lẹ́nu.

"Omi ta ló ń ya báyìí?" ni ìyá mi bi í.

"Tiyín ni, Ìyá. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún ọkàn yín. Àwọn oníṣẹ́ abẹ lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn yẹn."

Mo ti fẹ́ bèèrè ibi tí a ti lè ṣe àyẹ̀wò kẹta. Ìyá mi ti gba lẹ́tà tí dókítà kọ sí oníṣẹ́ abẹ, ó ti ká a sínú báàgì, ó ti ń wọ bàtà.

"Bó o bá fẹ́ fura sí gbogbo ayé, fura sí wọn nínú mọ́tò. Ṣáà gbé mi lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ."