Ọwọ́ Sabela Lára Àpáta

Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Sabela Lourido ò mọ òkun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń fi irin họ ẹran òkun tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àpáta ní etíkun Galisia lórílẹ̀-èdè Sípéènì, níbi tí ìgbì ti ń pa èèyàn lọ́dọọdún. Òfin kan ṣoṣo làwọn oníṣẹ́ yìí ní: tí ẹnì kan bá ti pariwo pé "Ó ń bọ̀!", má wòkè, má béèrè, dojú bolẹ̀ kí o di àpáta mú. Kálukú ló ń di tiẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìgbádùn ni Sabela àti ìdílé rẹ̀ bá lọ síbẹ̀. Iria, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ti Madrid dé pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá lọ́rùn, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò àpáta gíga àti ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Amaro, bàbá rẹ̀, gbé búrẹ́dì tí wọ́n di ẹja sínú rẹ̀ dání. Wọ́n jẹun tán, Iria ní àfi kí ìyá òun bá òun sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta ìsàlẹ̀, kí ilé iná lè yọ lókè orí ìyá náà nínú fọ́tò. Amaro ní orúnkún tó ń dun òun ò jẹ́ kóun lè tẹ̀ lé wọn.

"Mọ́mì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀! Ojú agbowó-orí lẹ gbé kọ́ yẹn."

"Yà á kíá, jàre, òtútù ń mú mi. Má kẹ̀yìn sí òkun o!"

"Ẹ̀rù òkun ò bà mí."

"Ohun tó máa pa ẹ́ nìyẹn, olórí kunkun."

Sabela wá rí i: omi dúdú dìde bí ògiri lẹ́yìn Iria. "Ó ń bọ̀!" Bó ṣe pariwo ló ti dojú bolẹ̀, tó ki ìka bọ pàlàpálá àpáta. Yéè! Ó gbàgbé pé kì í ṣe ará ibi iṣẹ́ ló wà níwájú òun. Iria yíjú pa dà, ó sì gbé kámẹ́rà sójú.

Ìgbì gbá a mọ́ òkúta. Sabela gbọ́ bí egungun ṣe dá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọmọ lọ, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ó ń ké, "Mọ́mì! Mọ́mì!" Ọwọ́ Sabela kọ̀, kò kúrò lára àpáta. Ó bú ọwọ́ náà bí ẹni ń bú ajá: "Tú u sílẹ̀! Ọwọ́ burúkú, tú u sílẹ̀!" Ìgbà tí ọ̀tún tú, irun Iria ló rí gbá mú. Ìgbì kejì na àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Èékánná mẹ́ta ya kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀, awọ orí Iria ń bó tẹ̀lé irun, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Amaro yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ tòun ti orúnkún, ó wọ́ wọn gòkè.

Ọjọ́ kẹta ni Iria tó sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Mọ́mì, mo rí yín. Àpáta lẹ kọ́kọ́ dì mú."

"Ṣé orí ẹ pé?" Amaro jágbe. "Ta ló fà ẹ́ jáde?"

"Fi í sílẹ̀," Sabela ní. "Òótọ́ ló sọ. Mi ò rántí ẹ, ọmọ mi. Ara mi nìkan ni mo rántí."

Ó bú sẹ́kún. Iria kọjú sí ògiri.