Bọ̀ọ̀dá Kì í Ṣe Ọmọ Ìyá

Gẹ̀ẹ́sì la ti yá bọ̀ọ̀dá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá ẹni tó jẹ́ ọkùnrin ló ń jẹ́, ì báà ṣe àbúrò. Àwa yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, a fi ọ̀wọ̀ sí i. Ní Mowe níbí, ọlọ́kadà tí n ò rí rí, tó bá ti jù mí lọ, bọ̀ọ̀dá ni. Ó dùn lẹ́nu, kò sì ni wá lára, títí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọsibítù.

Káfíńtà ni bọ̀ọ̀dá tèmi, ará Ọ̀yọ́, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tí mo kó dé, òun ló ń po ògì fún mi mu, tó sì ń bú mi ní ọ̀lẹ kí n lè dìde. Èmi tí n kì í gba èébú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo gba tirẹ̀.

Orí òrùlé ló ti já bọ́ ní Asese. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè mí. Nígbà tí mo dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Kí lẹ jẹ́ sí i, sà?”

“Bọ̀ọ̀dá mi ni.”

“Ṣé brother yín gan-an ni, àbí ẹ kàn ń pè é ní bọ̀ọ̀dá? Family nìkan ló lè wọlé o.”

Inú bí mi, nítorí ìbéèrè náà tọ̀nà. Mo ní a kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n òun ni mo ní. Ó ní kí n jókòó síta, kí n pe ẹbí rẹ̀.

Mo pè wọ́n. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wo ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ò tíì dé Ìbàdàn tó fi jáde láyé. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló wá sọ fún mi. Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ dé, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. A ò rí ara wa rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú eruku, mo ní kó dìde, ó kọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dúró tì í. Kí ló sọ kẹ́yìn?”

Irọ́ tí n ò pa fún nọ́ọ̀sì ni mo wá pa fún un.

“Ó ń béèrè rẹ,” ni mo wí.